Ẹ Wo Ilẹ̀ Kí Ẹ Tó Fi Ìpìlẹ̀ Lélẹ̀
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ará Ṣómólú àti Bàrígà sọ

Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Èmi wí pé ilẹ̀ ni ó yẹ kí a wò kí a tó kọ́ ilé.

Ní oṣù kìíní ọdún 1938, àwọn òṣìṣẹ́ ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin Ọọ̀ni ní Ilé-Ifẹ̀. Dígà wọn kan idẹ. Orí idẹ tí ó lé ní mẹ́wàá ni wọ́n hú jáde, iṣẹ́ ọnà tí gbogbo ayé ń yìn títí di òní. Ṣùgbọ́n kò sí awalẹ̀pìtàn kan níbẹ̀ tí ó kọ bí a ti tẹ́ wọn sílẹ̀. Ọ̀kan lọ sí mùsíọ́mù ní London. Méjì bọ́ sọ́wọ́ William Bascom, ará Amẹ́ríkà, ẹni tí ó dá wọn padà ní 1950.

Ní 1957, wọ́n ń tẹ́ ilẹ̀ fún ilé kíkọ́ ní Ìta Yemòó, ní Ifẹ̀ kan náà, ni idẹ bá tún yọ. Lọ́tẹ̀ yìí, awalẹ̀pìtàn Frank Willett fara balẹ̀ wa ibẹ̀. Ó bá ilẹ̀ tí a fi àpáàdì tẹ́ àti ère amọ̀, a sì mọ ibi tí ohun kọ̀ọ̀kan wà.

Ohun tí ó sàn jù ni kí a wò ó ṣáájú. Àwọn awalẹ̀pìtàn a wa kòtò tóóró mélòó kan sí ibi tí ìpìlẹ̀ yóò gbà. Wọn a ṣí erùpẹ̀ ní ìpele ìpele, wọn a sẹ́ ẹ, wọn a ya àwòrán rẹ̀. Èédú lásán lè sọ ọjọ́ orí ìpele kan fún wọn. Báyìí ni wọ́n ṣe ní ìlú Bìní láti 2022, kí a tó kọ́ ilé mùsíọ́mù tuntun.

Ẹnìkan lè wí pé èyí yóò dá iṣẹ́ dúró. Òtítọ́ ni, yóò gba ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí a ti dà rú kò ṣe é tò padà mọ́. Ẹ rántí Ilọ́jọ̀ ní ojúde Tinúbú ní Èkó: ìjọba kà á mọ́ ohun ìrántí ní 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o ní 2016.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ wó ilé àtijọ́, ẹ kọ́kọ́ fi tó àjọ ìjọba tí ń bójútó mùsíọ́mù àti ohun ìrántí létí. Bí ọkọ́ bá kan ìkòkò, ìlẹ̀kẹ̀ tàbí idẹ, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ má hú u, ẹ má tà á. Òfin kò gbà kí a kó ohun àtijọ́ jáde nílùú láìgba ìwé àṣẹ. Ìtàn tí ó wà lábẹ́ ilé yín, ti àwọn ọmọ yín ni.