Kí Ilé Tó Wó: Yíya Fọ́tò Ìgboro Gẹ́gẹ́ Bí Eré Ọwọ́dilẹ̀

  Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ olóòtú ètò yìí tí ó ní kí n wá bá yín sọ̀rọ̀ lórí eré tí mo máa ń ṣe nígbà tí ọwọ́ mi bá dilẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ èdè ni mo ń ṣe láàrin ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ Sátidé, bí oòrùn bá ti ń yọ, ìgboro Ìlọrin ni ẹ ó ti rí mi, kámẹ́rà a sì wà lọ́rùn mi. N kì í ya ọkọ-ìyàwó, n kì í ya ọmọ tuntun. Ilé ni mo máa ń yà, àti òpópónà, ọjà, ògiri, ilẹ̀kùn àti fèrèsé.

Àwọn aládùúgbò mi ní Basin a máa fi mí ṣe ẹ̀fẹ̀. Wọn a ní, "Dókítà, ṣé ilé náà ń rẹ́rìn-ín sí yín ni?" Èmi náà a sì rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti wá. Láàrin wa, ènìyàn ni a ń ya fọ́tò rẹ̀. Ọjọ́ ìkómọ, ọjọ́ ìgbéyàwó, ọjọ́ Iléyá àti ọjọ́ tí ọmọ bá kẹ́kọ̀ọ́ jáde ni a máa ń pe onífọ́tò. Bí ilé bá tilẹ̀ hàn nínú àwòrán náà, ẹ̀yìn ènìyàn ni ó wà, kò sí ẹni tí ó kà á sí. Ohun tí ó gbé mi wá síhìn-ín lónìí ni láti bẹ̀ yín pé kí ẹ ka ilé náà sí, nígbà tí ó ṣì wà lórí ìdúró.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó kan iṣẹ́ mi, èyíinì ni ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Kí ni à ń pè ní àwòrán? Babatunde Lawal, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa iṣẹ́ ọnà Yorùbá, ṣàlàyé nínú àpilẹ̀kọ kan tí ó jáde ní 2001 pé ìsúnkì ni ọ̀rọ̀ yìí: à-wò-rántí, ohun tí a ń wò tí a fi ń rántí. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Ohun tí ó wà níwájú ẹni, a kì í rántí rẹ̀, wíwò ni à ń wò ó. Ohun tí ó ti lọ ni a ń rántí. Ẹni tí ó bá sì dúró di ìgbà tí ilé ti lọ kí ó tó gbé kámẹ́rà, ilẹ̀ gbalasa ni yóò bá níbẹ̀.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Ní Tinubu Square ní Èkó, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wà tí ìdílé Fernandez kọ́ ní 1855, ní irú ọ̀nà ìkọ́lé tí a mọ̀ mọ́ àwọn Àgùdà, àwọn ènìyàn wa tí wọ́n ti oko ẹrú ní Bùràsíìlì padà wálé. Ní 1933, ilé náà bọ́ sọ́wọ́ ìdílé mìíràn, wọ́n sì ń pè é ní Ilojo Bar. Ní 1956, ìjọba kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Òfin kò gbà á sílẹ̀, orúkọ ńlá kò gbà á sílẹ̀. Lónìí, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí fèrèsé rẹ̀ ti rí, inú fọ́tò ni yóò ti wò ó. Ọpẹ́ ni fún àwọn tí wọ́n ti ń ya irú ilé bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ní 1985, ìwé kan jáde tí Marianno Carneiro da Cunha, ọmọ Bùràsíìlì, kọ lórí ilé àwọn Àgùdà ní Nàìjíríà àti ní Bẹ̀nẹ̀. Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ sí Fátúnbí, ni ó ya fọ́tò inú rẹ̀.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní ìlú Paris, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Eugène Atget, tí ó kú ní 1927. Fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni ó fi ń gbé kámẹ́rà wúwo kiri òpópónà ní ìdájí, tí ó ń ya iwájú ṣọ́ọ̀bù, ẹnu ọ̀nà àti àgbàlá ilé àtijọ́. Láàrin wa níhìn-ín, J. D. 'Okhai Ojeikere, tí ó gbé ayé láti 1930 sí 2014, ni gbogbo ayé mọ̀ fún fọ́tò irun dídì tí ó bẹ̀rẹ̀ sí yà ní 1968. Ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé ó tún ya àwọn ilé tí wọ́n ń kọ́ ní ìgboro wa lẹ́yìn òmìnira. Bí irun orí ti ń yí padà láti ìgbà dé ìgbà, bẹ́ẹ̀ náà ni ìlú ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí Ìlọrin wa. Kí ni ó wà níbẹ̀ tí ó yẹ ní yíyà? Òkúta kan wà ní agboolé Bándélé ní Ìdí-Àpé, èyí tí wọ́n ní lára rẹ̀ ni wọ́n ti ń lọ́ irin, tí ìlú fi ń jẹ́ Ìlọ́-irin. Ojú irin wà tí ó dé ìlú yìí ní 1908. Ààfin Ẹ́míà àti Ọjà Ọba wà. Àwọn amọ̀kòkò wà ní Dàda àti Òkèlele. Mọ́ṣáláṣí Jímọ̀ ńlá tí Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ní 1981 wà níbẹ̀, wọ́n sì tún un ṣe ní 2012. Ẹni tí ó bá ní fọ́tò bí ó ti rí kí wọ́n tó tún un ṣe, ohun tí kò ṣeé yà mọ́ ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ rí i pé kò dìgbà tí ilé bá wó kí ó tó lọ.

Síbẹ̀, kì í ṣe ilé olókìkí ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń ya ìwọ̀nyẹn. Ilé tí kò lórúkọ nínú ìwé ni, ilé alámọ̀ onípáànù tí a ń gba iwájú rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣìṣe tí èmi fúnra mi ṣe. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo rí irú ilé bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò àtijọ́ kan. Ògiri rẹ̀ nípọn, fèrèsé rẹ̀ kéré, pákó ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ti ń dán nítorí ọwọ́ tí ń tì í láti ọjọ́ pípẹ́. Oòrùn òwúrọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kan ògiri náà ni. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ẹ̀kọ́ ilé. N kò kí ẹnikẹ́ni, mo kàn bẹ̀rẹ̀ sí yà á. Bàbá arúgbó kan jáde, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò mí títí, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ìjọba ni ó rán ọ? Ọjọ́ wo ni ẹ fẹ́ wá wó o?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára ṣinṣin. Mo wá rántí pé ní ìgboro wa, ẹni tí ó bá wá wo ilé onílé láìkí onílé, ẹni tí yóò fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ògiri ni ó sábà máa ń tẹ̀ lé e, katapílà a sì tẹ̀ lé ìyẹn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo tọrọ àforíjì, mo sì ṣàlàyé ara mi. Bàbá ní kí n wọlé kí n jókòó. Ó fi yàrá tí wọ́n bí i sí hàn mí, ó sì dárúkọ àwọn tí wọ́n mọ ògiri náà. Nígbà tí mo fọ fọ́tò náà, mo mú ẹ̀dà kan lọ fún un.

Òjò ọdún kejì wó ẹ̀gbẹ́ kan ilé náà, wọ́n sì fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn síbẹ̀. Kí n tó tún débẹ̀, Bàbá ti di ẹni Ọlọ́run. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni ó gbà mí lálejò. Ó ní nínú gbogbo fọ́tò tí ó wà nínú ilé wọn, èyí tí mo mú wá yẹn nìkan ni ilé náà ti hàn tán, àwọn àbúrò òun tí ń bẹ ní òkè òkun sì ń bèèrè ẹ̀dà tiwọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ eré yìí, ìkíni ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ẹ kí onílé, ẹ sọ ohun tí ẹ wá ṣe, bí ó bá kọ̀, ẹ máa lọ. Ẹ má ṣe ya bárékè, ọgbà ẹ̀wọ̀n tàbí ibi tí wọ́n bá kọ ọ́ sí pé a kò gbọdọ̀ yà, nítorí òfin àṣírí ìjọba ti 1962 kò fi irú rẹ̀ ṣeré. Ní ti ọgbọ́n iṣẹ́, ẹ jáde ní òwúrọ̀ tàbí ní ìrọ̀lẹ́. Oòrùn ọ̀sán gangan kì í jẹ́ kí ara ògiri hàn. Bí ilé bá ga, ẹ má ṣe dúró sí ìdí rẹ̀ kí ẹ gbé kámẹ́rà sókè, nítorí yóò dà bí ẹni pé ilé ń ṣubú sẹ́yìn. Ẹ sún mọ́ ẹ̀yìn, kí ẹ mú kámẹ́rà dúró gbọọrọ. Lẹ́yìn ọdún kan, ẹ padà sí ibi tí ẹ dúró sí gan-an, kí ẹ tún un yà.

Kò dìgbà tí ẹ bá ra kámẹ́rà olówó ńlá, fóònù ọwọ́ yín tó o ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé fóònù a máa bọ́ sómi, olè a sì máa jí i. Ẹ fọ èyí tí ó bá dára. Ẹ kọ orúkọ agboolé, àdúgbò, ọjọ́ àti ọdún sí ẹ̀yìn rẹ̀. Fọ́tò tí kò ní àkọlé, lẹ́yìn ogún ọdún, àlejò ni láàrin àwọn ọmọ ilé.

Ẹlòmíràn lè bi mí pé, ṣé kí a máa gbé inú ilé amọ̀ títí ayé nítorí fọ́tò ni? Rárá o. Ẹni tí òjò ń jò lé lórí ni ó mọ bí ó ti ń ṣe òun. Fọ́tò kò ní kí ẹnikẹ́ni má ra búlọ́ọ̀kù. Kódà, ẹ ya ilé tuntun náà, ẹ ya afárá òkè tí wọ́n ṣe sí Tanke, nítorí àwọn náà yóò di ohun àtijọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ ibi tí a ti ṣí wá.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìlú tí kò bá ní ohun tí yóò wò lẹ́yìn, ọmọdé ni títí ayé. Ní Sátidé tí ń bọ̀ yìí, kí ẹ tó lọ jìnnà, ẹ kọ́kọ́ bọ́ sí ìta kí ẹ ya ilé tí wọ́n ti bí yín.