Ajá Ńlá Tí A Fẹ́ràn: Ẹ Má Jẹ́ Kí Àìsàn Rẹ̀ Bá Wa Lójijì

  

Ọ̀rọ̀ adìẹ àti ewúrẹ́ ni a sábà máa ń bá ara wa sọ. Lónìí, ajá ńlá tó ń ṣọ́ ilé adìẹ fún wa ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Kì í ṣe ekuke ilẹ̀ wa ni mò ń wí. Boerboel tó wá láti Gúúsù Áfíríkà ni mò ń wí, àti Great Dane tó wá láti Jámánì, àti Caucasian onírun púpọ̀ tó wá láti orí òkè tí òtútù ti ń mú gan-an. Wọ́n ti pọ̀ ní Èkó wa yìí. Ẹlòmíràn rà á nítorí olè, ẹlòmíràn rà á nítorí pé ó wù ú. Ṣùgbọ́n bí ọdún kan bá ti kọjá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ olè nìkan mọ́. Ajá náà ti di ọmọ ilé. Àwọn ọmọ ń bá a ṣeré, ìyá ilé ń bá a sọ̀rọ̀, baba ilé kò lè sùn bí kò bá gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu géètì.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ajá tí a fẹ́ràn tó báyìí kì í pẹ́ láyé. Ajá kékeré lè lo ọdún 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí a bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Great Dane kì í sábà lò ju ọdún 7 sí 10 lọ. Bó bá ti pé ọdún 6, àgbàlagbà ni. Àìsàn rẹ̀ máa ń yára, ó sì máa ń náni lówó. Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé: ojú tí ẹ fi ń wo adìẹ yín láràárọ̀ ni kí ẹ máa fi wo ajá yín.

ÌDÍ TÍ ÀÌSÀN AJÁ ŃLÁ FI YÀTỌ̀

Èkíní ni ìwọ̀n. Akọ Great Dane tó ti dàgbà lè wọn kílò 60 sí 80. Kílò 50 ni àpò sìmẹ́ńtì kan. Ẹ wo ẹni tí yóò dá gbé e bó bá ṣubú lulẹ̀! Ìwọ̀n yìí náà ni dókítà ẹran fi ń díwọ̀n oògùn. Bí ekuke kílò 15 bá lo ìgò oògùn kan, ajá kílò 75 yóò lo ìgò márùn-ún.

Èkejì, ajá kì í ráhùn. Ó lè máa jẹ ìrora fún ọjọ́ púpọ̀, síbẹ̀ kó máa ju ìrù fún ẹ̀yin olówó rẹ̀. Bí a kò bá wò ó dáadáa, a ò ní mọ̀. Àwọn àgbà ní àìtètè mólè, olè ń mólóko. Bẹ́ẹ̀ náà ni àìsàn rí.

ÀYẸ̀WÒ ÌṢẸ́JÚ MÁRÙN-ÚN LÁRÀÁRỌ̀

Kí ẹ tó kó ẹyin, ẹ pe ajá yín, kí ẹ wo nǹkan márùn-ún wọ̀nyí:

1. Oúnjẹ àná. Ṣé ó jẹ ẹ́ tán? Ajá tó máa ń jẹun dáadáa tó wá kọ oúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì, nǹkan ń ṣe é.

2. Èrìgì rẹ̀. Ẹ ṣí ètè rẹ̀ sókè. Ó yẹ kó pọ́n díẹ̀ bí inú ètè tiwa. (Ti ajá mìíràn dúdú láti ìbí o, ẹ wo ibi tí kò dúdú.) Bó bá funfun, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dín kù. Bó bá pọ́n bí ìyeyè, àìsàn ti wọ̀ ọ́ lára.

3. Etí, abẹ́ apá, àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni eégbọn máa ń sá pamọ́ sí.

4. Bó ṣe ń dìde. Ṣé ó ń tiro? Ṣé ó ń fi ìdí wọ́lẹ̀ kó tó lè nà ró?

5. Ìgbẹ́ àti ìtọ̀ rẹ̀. Bí ìtọ̀ bá pupa bí omi zobo, ẹ má ṣe dúró di ọ̀la.

Inú ìwé tí ẹ fi ń kọ iye ẹyin náà ni kí ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí sí. Ìwé yìí yóò ran dókítà lọ́wọ́ ju pé kí a máa sọ pé, "Ó ti ṣe díẹ̀ tó ti bẹ̀rẹ̀" lọ.

ÀWỌN ÀÌSÀN TÓ YẸ KÍ A MỌ̀

Ikùn wíwú. Èyí ló burú jù fún ajá ńlá tí àyà rẹ̀ jìn, pàápàá Great Dane. Afẹ́fẹ́ á kún àpò oúnjẹ inú rẹ̀, àpò náà á sì lọ́ pọ̀ bí ẹni ń fún aṣọ. Ajá náà á máa fẹ́ bì, nǹkan kan ò ní jáde. Itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, kò ní lè jókòó jẹ́ẹ́, ikùn rẹ̀ á le bí ìlù. Wákàtí díẹ̀ péré ni ó fi lè pa á. Kò sí àgbo fún èyí, kò sí epo pupa fún un. Dókítà ẹran ló lè gbà á là, iṣẹ́ abẹ ló sì sábà máa ń jẹ́. Láti dènà rẹ̀, ẹ pín oúnjẹ ojúmọ́ sí ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta, ẹ má sì jẹ́ kó sáré kiri lẹ́yìn oúnjẹ.

Ibà eégbọn. Eégbọn ló ń gbé kòkòrò àìsàn yìí wọ inú ẹ̀jẹ̀ ajá. Ara á gbóná, èrìgì á funfun, ìtọ̀ á pupa. Oògùn rẹ̀ wà bí a bá tètè dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé inú àlàfo ògiri àti ilé ajá ni eégbọn ń yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin sí. Ẹni tó tọ́jú ajá, tí kò tọ́jú ilé ajá, iṣẹ́ ìdajì ló ṣe.

Ooru. Láti oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin, ooru Èkó kì í ṣeré. Orí páànù tó gbóná àti ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tí kò ní ibòòji lè pa Caucasian. Bó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí ahọ́n rẹ̀ pupa rokoṣo, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹ gbé e sí ibòòji, ẹ da omi tútù lásán sí i lára, kì í ṣe omi yìnyín, ẹ fẹ́ ẹ, kí ẹ sì pe dókítà.

Eegun àti oríkèé. Ọmọ ajá ńlá máa ń dàgbà fún ọdún kan sí ọdún kan àbọ̀. Ọ̀pọ̀ wa máa ń fẹ́ kó tètè tóbi, a ó máa rọ oúnjẹ fún un, a ó tún máa fi oògùn egungun sí i. Èyí gan-an ló ń ba oríkèé ìgbáròkó rẹ̀ jẹ́. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò: ọmọ ajá tí kò sanra jù ló máa ń rìn dáadáa lọ́jọ́ ogbó. Bí àgbà ajá ńlá bá ń tiro tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wú lójú kan, ẹ má ṣe rò pé ó kàn fẹsẹ̀ gbá nǹkan ni. Jẹjẹrẹ inú eegun wọ́pọ̀ lára irú wọn. Ẹ jẹ́ kí dókítà ya fọ́tò eegun náà.

Ọkàn. Ọkàn Great Dane máa ń tóbi, kó sì rẹ̀ ẹ́. Bó bá ń húkọ́ lóru, tó ń tètè rẹ̀ ẹ́, tàbí tó dákú lẹ́ẹ̀kan, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò.

Dìgbòlugi. Àjọ ìlera àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ènìyàn 59,000 ni àrùn yìí ń pa lọ́dún kan, ajá ló sì ń kó o ran nǹkan bí 99 nínú 100 wọn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà. Ilé ìwádìí ti ìjọba àpapọ̀ ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, ń ṣe é níbí. Láti oṣù mẹ́ta ni kí ajá ti gbà á, kí a sì máa tún un gbà lọ́dọọdún. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ni ọjọ́ dìgbòlugi àgbáyé. Ẹ fi rántí abẹ́rẹ́ ajá yín. Ẹni tí ajá bá bù jẹ, kó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kó sì lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Ọmọ ajá gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ parvo pẹ̀lú, láti ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, kí a máa tún un gbà títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16.

OHUN TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ ṢE

Ẹ má ṣe fi ọ́tàpíápíá wẹ ajá nítorí eégbọn. Oró ni, ó ń gba awọ wọlé. Ní ọdún 2019, NAFDAC fi òfin de títà oògùn kòkòrò dichlorvos inú ìgò kékeré, nítorí ìjàmbá tó ń fà. Ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì dà nù kì í ṣe oògùn ara yíyún. Ajá ń lá a, ó ń gbé e mì.

Ẹ má ṣe fún ajá ní ibuprofen tàbí paracetamol tiwa. Ó lè ba kídìnrín, inú àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́. Ọbẹ̀ tí àlùbọ́sà pọ̀ nínú rẹ̀ ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Egungun adìẹ tí a ti sè máa ń fọ́ ṣóńṣó, ó sì lè gún un nínú.

Ẹ̀yin aládìẹ, ẹ fetí sí èyí dáadáa: ẹ má ṣe ju òkú adìẹ fún ajá. Ní oṣù Kejì ọdún 2006 ni a kọ́kọ́ rí bird flu ní Nàìjíríà, ní oko adìẹ kan ní ìpínlẹ̀ Kàdúná. Ní Thailand ní ọdún 2004, ajá kan jẹ pẹ́pẹ́yẹ tó ní àrùn yìí, ajá náà sì kú. Ẹ sin òkú adìẹ. Ibi tí ajá kò lè dé náà ni kí ẹ fi oògùn eku sí.

Bí ajá bá ń ṣàìsàn, àwọn kan á wá sọ fún yín pé kí ẹ tà á fún àwọn tó ń ta 404. Ẹ má gbà. Oògùn wà lára rẹ̀, dìgbòlugi sì lè ran ẹni tó ń pa á. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹni tó ṣọ́ ilé fún wa lọ́dún mẹ́jọ, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ la ṣe ń san án fún un.

Ẹ MÚRA SÍLẸ̀ KÍ ÀÌSÀN TÓ DÉ

Awakọ̀ dánfó wo ni yóò gbé ajá kílò 70 lórí Ìkòròdú Road láago mẹ́wàá alẹ́? Nítorí náà, ẹ ṣe ètò yìí kí ilẹ̀ tó ṣú:

Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù dókítà ẹran sára ògiri, pẹ̀lú ti awakọ̀ kan tó ti gbà láti gbé ajá. Ẹ rí i pé dókítà náà ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Veterinary Council of Nigeria. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó gbé abẹ́rẹ́ dání ni dókítà. Ẹ tọ́jú tapólì tó nípọn tàbí pákó ìlẹ̀kùn àlòkù, kí ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta lè fi gbé e. Fún àìsàn tó bá ju agbára dókítà àdúgbò lọ, ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìbàdàn wà, ti yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta náà sì wà.

Ní ti owó, oògùn tí a kò fowó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ló ń gbé. Ẹ dá àjọ fún ajá yín. Bí ẹ bá ń yọ owó kíréètì ẹyin kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀, nígbà tí ọdún bá fi yípo, owó abẹ́rẹ́ ti wà nílẹ̀, owó pàjáwìrì sì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè ṣe èyí, kó sin ekuke. Ekuke náà ń gbó, ó ń ṣọ́lé, oúnjẹ rẹ̀ kò sì tó nǹkan.

NÍGBÀ TÓ BÁ DI ARÚGBÓ

Ẹ tẹ́ àpò àti ẹní tó nípọn sílẹ̀ fún un, nítorí sìmẹ́ńtì ń dá egbò sí i nígùnpá. Ẹ tẹ́ rọ́ọ̀gì sórí táìsì kó má baà yọ̀. Bí kò bá lè dìde, ẹ fi táwẹ̀lì gba abẹ́ ikùn rẹ̀ gbé e nà ró, kí ẹ sì máa yí i sí ìhà kejì ní wákàtí díẹ̀díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa jókòó tì í. Kò náni ní kọ́bọ̀, inú rẹ̀ sì máa ń dùn sí i.

Ọjọ́ kan lè dé tí kò ní jẹun mọ́, tí oògùn kò ní ran ìrora rẹ̀ mọ́. Ẹ ṣí ìwé àárọ̀ yín wò. Bí ọjọ́ burúkú bá ti ju ọjọ́ dáadáa lọ, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀. Abẹ́rẹ́ wà tí yóò mú un sùn lọ láìjẹ̀rora. Kì í ṣe ìkà. Ohun tó jẹ́ ìkà ni kí a so ó mọ́ ẹ̀yìnkùlé títí tí yóò fi kú fúnra rẹ̀. Ẹ dúró tì í, ẹ jẹ́ kó gbọ́ ohùn yín. Ẹ sọ òótọ́ fún àwọn ọmọ. Kí ẹ sì sin ín jìn, kó jìnnà sí kànga. Ẹ má ṣe jù ú sí gọ́tà tàbí etí ọ̀sà. Bí kò bá sí ilẹ̀ nínú ọgbà, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà tàbí ẹ̀ka ìlera ìjọba ìbílẹ̀.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ajá ńlá kò lè sọ pé, "Orí ń fọ́ mi." Ẹ̀yin ni ẹnu rẹ̀. Láti àárọ̀ ọ̀la, kí ẹ tó kó ẹyin, ẹ ṣí ètè rẹ̀ sókè kí ẹ wò ó. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó bi òṣìṣẹ́ tó ń bẹ̀ yín wò ládùúgbò.