Ìka Ò Dọ́gba: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Afunfèrè Wa ní Al Taawun

  

Ilé alájà púpọ̀ la ń gbé níbí ní Al Taawun, ní Sharjah, lẹ́bàá ààlà Dubai. Kí a tó ti ibi iṣẹ́ dé, ilẹ̀ ti ṣú, aládùúgbò sì ń fẹ́ sùn. A kò lè fun saxophone mọ́. Ọ̀kan nínú wa tilẹ̀ fẹ́ ta tirẹ̀. Ó ní ìka òun ti le, àgbà sì ti dé.

A kò gbà fún un. Trumpet ni Fela Kuti kọ́ ní Trinity College of Music ní London, níbi tó lọ ní 1958. Nígbà tí Igo Chico, afunsaxophone rẹ̀, fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní nǹkan bí 1973, Fela fúnra rẹ̀ gbé saxophone. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún nígbà náà.

Àwọn baba wa ní ìka ò dọ́gba. Ìka tí a ń fi òrùka sí kì í fẹ́ dá gbéra, nítorí iṣan rẹ̀ so mọ́ ti àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, ipá kọ́ ló ń mú ọwọ́ yá. Kí àwọn ìka balẹ̀ pọ̀ ni.

Ẹ wo C àárín sí D tó wà lókè rẹ̀. Ìka kan péré ló ń tẹ C. Fún D, ìka mẹ́fà ni, pẹ̀lú àtàǹpàkò òsì. Bí ìka kan bá pẹ́ dé, ohùn tí a kò pè á yọjú.

Ohun tí à ń ṣe lálẹ́ nìyí. A kì í fi ẹnu sí fèrè rárá. A ó fi metronome sí 60, a ó máa fi ìka nìkan lọ láti C sí D, kí a sì tẹ́tí. Bí a bá gbọ́ “pó” ẹ̀ẹ̀kan, ó dára. Bí ó bá di “pó-pò-pó”, ìka kò tíì pé. Kí ìka má jìnnà sí bọ́tìnì, kí a rọra tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá mọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, a ó lọ sí 64. Bí ó bá bàjẹ́, a ó padà sí 60. Lẹ́yìn náà, a ó fa C gùn, a ó gé D kúrú, a ó sì tún yí i padà. Ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́ ti tó.

Lọ́jọ́ ìsinmi, ní ọ̀sán, a ó wá fun ún, nítorí èémí àti ahọ́n náà gbọ́dọ̀ bá ìka rìn.

Arákùnrin wa kò ta fèrè rẹ̀ mọ́. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kí ọwọ́ wa má ṣe kú. Àṣẹ.