Ọkọ̀ Afẹ́ Gúnlẹ̀ sí Port Royal: Ta Ni Yóò Jẹ Èrè Rẹ̀?

  Wọ́n ní kí alukoro sọ̀rọ̀ díẹ̀ kí oúnjẹ tó dé. Mo rí i pé ojú ti wà lọ́nà ìdáná, n kò ní pẹ́.

Port Royal ní Jàmáíkà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Jàmáíkà kì í ṣe àjèjì sí wa pátápátá. Ìletò kan wà ní Westmoreland níbẹ̀ tó ń jẹ́ Abeokuta títí dòní. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n ń pè ní Nago ló gbé orúkọ náà débẹ̀.

Erékùṣù kékeré ni Port Royal tẹ́lẹ̀, kí iyanrìn tó so ó mọ́ ilẹ̀, lẹ́nu èbúté Kingston. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Jàmáíkà lọ́wọ́ Sípéènì ní 1655, ó di ìlú olówó. Àwọn ajalèlókun ń kó ìkógun wá síbẹ̀, wọ́n sì ń ta ẹrú níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹfà 1692, ilẹ̀ mì tìtì, ìdá méjì nínú mẹ́ta ìlú wọ inú òkun. Nǹkan bí 2,000 ènìyàn kú lọ́jọ́ náà. Àwọn tó wá ohun àtijọ́ lábẹ́ omi rí aago àpò kan tó dúró ní agogo mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógójì.

Ìlú apẹja ni Port Royal lónìí. Ẹja díndín àti bammy ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe bammy yìí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ gàrí, ẹ gbọ́ o.

Nígbà tí ìjọba fẹ́ kí ọkọ̀ afẹ́ máa dé ibẹ̀, àwókù ìlú àtijọ́ ṣì wà nísàlẹ̀ omi. Bí wọ́n bá ri òpó mọ́lẹ̀ tàbí gbẹ́ ìsàlẹ̀ òkun, wọ́n lè fọ́ ohun tí àlejò ń bọ̀ wá wò. Afárá tó ń léfòó ni wọ́n rà, èyí tí wọ́n ń nà lọ bá ọkọ̀, tí wọ́n sì ń ká padà. Ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní 2020, ọkọ̀ Marella Discovery 2, tó lè gba èrò tó lé ní 1,800, gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí irú rẹ̀ ti débẹ̀ gbẹ̀yìn. Kò pé oṣù méjì sí i, Kòrónà dá gbogbo ọkọ̀ afẹ́ dúró. Ní 2025, UNESCO kọ orúkọ ìlú náà mọ́ ogún àgbáyé.

Mo yìn wọ́n fún afárá yẹn. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ báńkì ni mí. Ibi tí owó ń gbà ni mo máa ń wò. Ní Falmouth, ní Jàmáíkà kan náà, wọ́n ṣí èbúté ńlá ní 2011, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù sínú ọgbà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èrò ń rajà nínú ọgbà, àwọn mìíràn ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ibòmíràn. Àwọn ará ìlú ń ráhùn pé àwọn ń rí ọkọ̀ ṣùgbọ́n àwọn ò rí oníbàárà. Inú ọkọ̀ ni wọ́n ti ń ta ìrìn àjò orí ilẹ̀ fún èrò. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ á ti yọ tirẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò àpẹẹrẹ. Ká ní èrò 1,800 sọ̀ kalẹ̀ ní Port Royal, tí ìdajì wọn ra ẹja dọ́là mẹ́wàá mẹ́wàá lọ́wọ́ ará ìlú: $9,000 nìyẹn lọ́jọ́ kan. Bí gbogbo wọn bá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Kingston, ariwo hóònù ni ẹlẹ́ja yóò gbọ́. Tó bá sì ti yáwó ra fíríìsà nítorí ọkọ̀ ńkọ́? Ọkọ̀ lè yí ọ̀nà padà nígbàkúùgbà; èlé kì í dúró dè é.

Àǹfààní Port Royal ni pé ó kéré. Odi àtijọ́ Fort Charles kò jìnnà sí afárá, ẹsẹ̀ lèèyàn lè fi rìn dé ibẹ̀. Bí mo bá ń ṣiṣẹ́ báńkì ní Kingston, ìyá ẹlẹ́ja ni n bá kọ́kọ́ yá lówó, ṣùgbọ́n n ó gba ìwé lọ́wọ́ àwọn tó ni èbúté pé ìsọ̀ rẹ̀ wà lójú ọ̀nà tí àlejò ń gbà, kò sì sí ẹni tí yóò lé e kúrò níbẹ̀. N ó sì jẹ́ kó máa san án padà ní oṣù tí ọkọ̀ bá ń wá.

Mo rí i pé àwo ti ń bọ̀.