Ẹ̀wà Tútù Ilẹ̀ Kẹ́ńyà: Ọrùn Ta Ni Òfò Rẹ̀ Wà?

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn fún iṣẹ́ ẹgbẹ́ wa sọ níbi ìpàdé oṣooṣù.

 

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ nípa àwọn àgbẹ̀ kéékèèké tó ń gbin ẹ̀fọ́ àti èso fún ọjà òkè òkun. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn kan nínú yín ń béèrè lọ́wọ́ wa bóyá kí wọ́n fi owó tí wọ́n ti tù jọ ránṣẹ́ sílé láti fi dá irú oko bẹ́ẹ̀. Kẹ́ńyà ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ, torí pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti wà nídìí ẹ̀.

Ẹ ti rí i ní súpámákẹ́ẹ̀tì: ẹ̀wà tútù tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń jẹ tòun ti èèpo, tí wọ́n kọ Kẹ́ńyà sí ara ọ̀rá rẹ̀. Púpọ̀ nínú rẹ̀ wá láti agbègbè Òkè Kẹ́ńyà, bíi Kirinyaga àti Meru, lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ tí ibi tí wọ́n gbìn ín sí lè má tó éékà kan. Kò ju bí ọ̀sẹ̀ méje lọ tí wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ká a. Bí wọ́n bá ti ká a, kò lè dúró: yàrá onítútù, ọkọ̀, pápákọ̀ òfurufú Nairobi, ó di Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí eérú òkè oníná Iceland dá ọkọ̀ òfurufú dúró ní Yúróòpù ní oṣù kẹrin ọdún 2010, láàárín ọjọ́ mélòó kan ni ẹrù ti ń jẹrà ní Nairobi.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fetí sí dáadáa ni ìṣirò rẹ̀. (Ẹ má bínú, iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo kọ́.) Ká ní àgbẹ̀ kan ká 100 kílò. Ó ti ra irúgbìn, ajílẹ̀ àti oògùn, ó ti san owó àwọn tó bá a ṣiṣẹ́, lórí gbogbo 100 náà. Ó kó o dé ibi tí wọ́n ti ń ṣà á. Wọ́n ní èyí wọ́, èyí ti tóbi jù, èyí ní àmì lára. Bí wọ́n bá dá 30 padà, 70 péré ni wọ́n máa sanwó rẹ̀. 30 yẹn ńkọ́? Tó bá jẹ́ ata tàbí tòmátò ni, ìyá aláta á rà á. Ṣùgbọ́n àwọn ará Kẹ́ńyà kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ ẹ̀wà yìí. Màlúù ni wọ́n sábà máa ń kó o fún. Owó 70 tó kù náà, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó dé. Ìdí nìyí tí àgbẹ̀ fi máa ń tà fún alágbàtà tó bá mú owó lọ́wọ́ wá, tí ilé iṣẹ́ tó fún un ní irúgbìn láwìn á wá máa pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Èmi ò lè bá wọn dá a lẹ́bi.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí. Ní 1997, àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì Yúróòpù dá ìlànà EurepGAP sílẹ̀, èyí tó di GLOBALG.A.P. ní 2007. Àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ibi tó ń ti oògùn apakòkòrò mọ́, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti omi ìfọwọ́ fún òṣìṣẹ́, kó sì máa kọ gbogbo ohun tó bá fín sílẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ta ló fẹ́ jẹ májèlé? Àmọ́ owó ìwé ẹ̀rí tí oko ńlá ò ní mọ̀ pé òun san lè gbé gbogbo èrè oko ìdajì éékà lọ. Wọ́n lè kóra jọ gbà á lẹ́gbẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn àjọ tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ kúrò, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ò lè dá a san mọ́.

Ọ̀rọ̀ oògùn yìí kò jìnnà sí wa. Dichlorvos, oògùn tó wà nínú òtapíápíá tí wọ́n ń fín sí ẹ̀wà gbígbẹ nítorí kòkòrò, ló jẹ́ kí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà ní oṣù kẹfà 2015. Ọdún kan ni wọ́n kọ́kọ́ dá fún un, àmọ́ wọ́n tún sún un síwájú lẹ́yìn náà.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, láti 2013 ni alábòójútó ti wà tó lè fìyà jẹ súpámákẹ́ẹ̀tì ńlá tó bá ń rẹ́ àwọn tó ń kó ọjà fún un jẹ. Ẹni tó ń tà fún súpámákẹ́ẹ̀tì tààrà nìkan ló wà fún. Àgbẹ̀ Kirinyaga tó tà fún ilé iṣẹ́ ní Nairobi, apá òfin yẹn ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìwé àdéhùn oko irú èyí wá fún yín, ẹ mú un wá sọ́dọ̀ wa kí ẹ tó fọwọ́ sí i. A ó jọ wo ẹni tó ni òfò bí wọ́n bá dá ẹrù padà, iye ọjọ́ tí owó á fi dé, ẹni tó máa san owó ìwé ẹ̀rí, àti bóyá ọjà ilé lè ra ohun tí òkè òkun bá kọ̀. Tí ìwé náà ò bá sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sí i kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.