Ìmọ̀ Tí Ó Wà Nílé: Ọ̀rọ̀ Tí Akẹ́kọ̀ọ́ Kan Bá Àwọn Àgbẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ Sọ

Ọ̀yọ́ ni a ti bí ìyá mi, Ògbómọ̀ṣọ́ ni ilé bàbá mi. Nítorí náà, kò sí ìhà tí mo kọjú sí nínú ìpàdé yìí tí kì í ṣe ilé.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ti bi mí pé, ‘Kí ni o ń kọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn? Ṣé dókítà ni o fẹ́ dà, tàbí lọ́yà?’ Kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ẹ̀kọ́ tí mo ń kọ́, tí àwọn òyìnbó ń pè ní anthropology, ni ẹ̀kọ́ nípa ènìyàn: bí wọ́n ti ń gbéyàwó, bí wọ́n ti ń pín ogún, bí wọ́n ti ń dáko, bí wọ́n ti ń sìnkú, àti ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn yóò wí pé, ‘Ohun tí a mọ̀ nílé ni o tún san owó lọ kọ́?’ Ìbéèrè náà tọ́, òun ni mo sì wá dáhùn.

Nígbà ìsinmi tí ó kọjá, mo mú ìwé àti kálàmù lọ sí abúlé kan lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́ láti wádìí iṣẹ́ oko. Bí mo ti ń béèrè iye oko àti iye ọmọ, bàbá àgbà kan wò mí títí, ó ní, ‘Ọmọ mi, ta ni ó rán ọ? Ṣé owó-orí ni?’ N kò bínú, nítorí mo mọ ohun tí ojú wọn ti rí. Ní ọdún 1969, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ dìde lórí ọ̀rọ̀ owó-orí, ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀, Ṣọ̀ún Ọlájídé Ọláyọ̀dé pàápàá sì bá rògbòdìyàn náà lọ. Ẹni tí ó bá rántí ọjọ́ náà kò lè fi ojú rere wo ẹni tí ń ka orí ènìyàn sínú ìwé.

Mo pa ìwé dé, mo gba ọkọ́. Ní ọjọ́ kẹrin, bí a ti ń kọ ebè, mo sọ fún bàbá náà pé nínú ìwé kan tí mo kà, orúkọ kan ṣoṣo ni a fi pe gbogbo iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe àgbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, ‘Aáró yàtọ̀, ọ̀wẹ̀ yàtọ̀. Bí ẹ bá bá mi kọ ogún ebè lónìí nínú aáró, ogún ebè ni n óò kọ padà, gbèsè ni. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ ńlá bá dé, tí mo pe àna àti ọ̀rẹ́, tí mo sì gbé oúnjẹ àti ẹmu kalẹ̀, ọ̀wẹ̀ nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kì í ka ebè níbẹ̀.’

Ẹ̀yin ti mọ èyí láti kékeré. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó sí ọ́fíìsì, tí ń ṣe òfin fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, lè má mọ̀ ọ́n. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, yóò béèrè gbèsè níbi tí ìfẹ́ wà, yóò sì retí ìfẹ́ níbi tí a ti ń ṣírò gbèsè. Nígbà tí ètò rẹ̀ bá sì dàrú, yóò wí pé ọ̀lẹ ni àgbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ́ ohun tí ẹ mọ̀.

Iṣẹ́ yìí kì í sì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Nínú ìlú Ọ̀yọ́, Àlùfáà Samuel Johnson fetí sí àwọn arọ́kin, ó sì kọ ìtàn Yorùbá parí ní 1897. A fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Johnson kú ní 1901; àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tí ó kù, kí ó tó jáde ní 1921. Nathaniel Fádípẹ̀, ọmọ Abẹ́òkúta, kọ̀wé lórí ìgbé ayé Yorùbá, ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1939. Ó kú ní 1944. Ọdún 1970 ni ìwé náà tó jáde. Àwọn méjèèjì kò fi ojú kan ìwé wọn. Ṣùgbọ́n ní ti Ògbómọ̀ṣọ́, N. D. Oyèrìndé tẹ Ìwé Ìtàn Ògbómọ̀ṣọ́ jáde ní èdè Yorùbá ní 1934, tí ọmọ fi lè kà á sí bàbá rẹ̀ létí.

Nítorí náà, ohun méjì ni mo bẹ̀ yín. Èkínní, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ bi í ẹni tí ó rán an. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá tọ́, ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún un, nítorí àgbà tí ó bá kú kò ní padà wá sọ èyí tí ó kù. Èkejì, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó lọ ní ọ̀fẹ́. Ẹ ní kí ó padà wá, kí ó ka ohun tí ó kọ sí yín létí ní èdè yín, kí ẹ lè tún ibi tí ó ti ṣìnà ṣe.

Èmi náà ti ṣèlérí fún bàbá náà pé n óò padà kí a tó wa iṣu titun. Bí mo bá kùnà, ẹ mọ ilé bàbá mi.