Ẹrù Tí A Gbà Lọ́wọ́ Àgbà

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọlọ́jà Old Market ní Lókọ́jà, ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ ìjókòó yìí gan-an ni mo bá wá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí agbára ṣe ń dín kù lára àgbà, kó wo ìsọ̀ nígbà tí oníbàárà bá dé. Ìyá ọlọ́jà tó jẹ́ ẹni ogójì ọdún á dìde lórí àpótí, owó lọ́wọ́ kan, mùdù lọ́wọ́ kejì. Ẹni ọgọ́ta ọdún á kọ́kọ́ gbé ọwọ́ lé itan. Ẹni àádọ́rin ọdún á fa ara síwájú, á di òpó ìsọ̀ mú, á mí kanlẹ̀, kó tó wá dìde díẹ̀díẹ̀. Tó bá yá, ọmọ-ọmọ ni yóò máa bá a dìde, tí yóò máa bá a wọn ìrẹsì. Gbogbo wa á ní ọjọ́ orí ló fà á. Ohun tí mo wá sọ lónìí ni pé ọjọ́ orí nìkan kọ́. Àwa la gba ẹrù lọ́wọ́ àgbà tán, agbára sì bá ẹrù lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ awọ. Láti ìgbà tí ènìyàn bá ti tó nǹkan bí ẹni ọgbọ̀n ọdún ni iṣan ara rẹ̀ ti ń dín kù, ìdá 3 sí 8 nínú 100 ní ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá. Lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún, ó tún yára sí i. Oríṣi iṣan kan wà tí kì í tètè rẹ̀, òun la fi ń dúró, òun la fi ń rìn jìnnà. Òmíràn wà tó yára, tó lágbára, òun la fi ń dìde wuu, òun la fi ń mú ẹsẹ̀ jáde kíá bí a bá kọsẹ̀. Èyí tó yára yìí ló máa ń kọ́kọ́ gbẹ. Ìdí nìyẹn tí àgbàlagbà fi lè rìn láti ọjà délé láì sinmi, síbẹ̀ tí kò ní lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀ bí ó bá fẹsẹ̀ kọ òkúta. Ní 1989, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Irwin Rosenberg, sọ ọ́ lórúkọ, sarcopenia. Èdè Gíríìkì ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni òṣì ẹran ara. Orúkọ náà tẹ́ mi lọ́rùn, torí ẹni tó tòṣì ṣì lè là.

Ṣùgbọ́n báwo la ṣe mọ̀ pé kì í ṣe ọjọ́ orí nìkan ló ń jẹ iṣan? Ìwádìí kan jáde ní 2007. Àgbàlagbà mọ́kànlá tí ara wọn le, tí ọjọ́ orí wọn ń lọ bí 67, dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì fún ọjọ́ mẹ́wàá gbáko. Wọn kò ṣàìsàn, wọ́n sì ń jẹun. Kí ọjọ́ mẹ́wàá tó pé, ẹran tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò kan ti lọ lẹ́sẹ̀ wọn. Ẹ ní kí alápatà wọn kílò kan fún yín, kí ẹ wò ó lórí tábìlì rẹ̀, ẹ ó mọ bó ṣe pọ̀ tó. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ló kún ọjọ́ orí àwọn ènìyàn yìí. Ìdùbúlẹ̀ ló jẹ ẹran náà.

Bí a bá gbé ẹrù padà ńkọ́? Ní 1990, Dókítà Maria Fiatarone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ kan jáde láti ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Boston. Ènìyàn mẹ́wàá ni wọ́n kó jọ. Ẹni tó kéré jù nínú wọn jẹ́ ẹni ọdún 86, ẹni tó dàgbà jù jẹ́ ẹni ọdún 96. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gbé irin tó wúwo, ẹ̀ẹ̀mẹjọ-mẹjọ lọ́nà mẹ́ta, ìwúwo rẹ̀ sì ń lọ sí ìdá 80 nínú 100 ohun tí ẹsẹ̀ wọn lè gbé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni kan kò parí rẹ̀. Lára àwọn mẹ́sàn-án tó parí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, agbára ẹsẹ̀ lé sí i ní ìdá 174 nínú 100: bí ẹsẹ̀ bá ń gbé kílò 8 tẹ́lẹ̀, ó ti ń gbé nǹkan bí 22. Àwọn méjì gbé ọ̀pá ìtilẹ̀ wọn jù sílẹ̀. Iṣan itan wọn nípọn sí i ní ìdá 9 péré, èyí sì kọ́ wa ní nǹkan: púpọ̀ nínú agbára tó kọ́kọ́ ń padà, ọ̀dọ̀ iṣan ìmọ̀lára ló ti ń wá, tó ń kọ́ bí yóò ṣe jí ẹran tó ti ń sùn. Ẹran fúnra rẹ̀ á wá tẹ̀ lé e.

Ọ̀rẹ́ wa kan lè ní oúnjẹ aṣaralóore ni àgbà nílò, kì í ṣe irin. Wọ́n dán ìyẹn náà wò ní 1994, nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ nǹkan bí 87. Àwọn tó gbé irin fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá rí agbára tó ju ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn tí wọ́n kàn fún ní àfikún oúnjẹ láì gbé nǹkan kan kò rí i. Ẹ̀wà dára, ẹyin dára, ẹja Odò Ọya dára, kí àgbà jẹ ẹ́ dáadáa; ṣùgbọ́n oúnjẹ ni bíríkì, ẹrù ni bíríkìlà.

Àtakò tó lágbára jù, ọjà ló ti ń wá: "Iṣẹ́ la fi ń ṣeré ìdárayá. Ta ló ń ṣiṣẹ́ tó ọlọ́jà?" Mi ò fojú kéré ọ̀rọ̀ yìí, torí òótọ́ ni pé ìran tó ṣáájú wa gbé ẹrù tó pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ náà bó ṣe rí lónìí. Ọ̀kadà ti gba ìrìn lẹ́sẹ̀ wa, ẹ̀rọ ti gba ọlọ, alábàárù ti gba àpò. Láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ àti ẹnu ló ń ṣiṣẹ́ lára ìyá ọlọ́jà. Itan rẹ̀ wà lórí àpótí. Ti alábàárù fúnra rẹ̀ tún yàtọ̀. Ní Dẹ́ńmáàkì, Andreas Holtermann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde ní 2021 lórí ènìyàn 104,046. Àwọn tó ń lo ara púpọ̀ lásìkò ìsinmi wọn kì í tètè kú. Àwọn tó ń lo ara púpọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ tètè kú ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ. Àwọn kan ń jiyàn pé òṣì tó ń bá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rìn ló ń pa wọ́n, iyàn náà kò sì tíì parí. Síbẹ̀, ìyàtọ̀ àárín ẹrù méjèèjì hàn kedere. Ẹrù ọjà kì í bi ara léèrè: bó ṣe wúwo ló ṣe wúwo, ara ìbáà yá, ara ìbáà má yá, kò sì sí ọjọ́ ìsinmi fún iṣan láti tún ara rẹ̀ ṣe. Ẹrù ìdárayá á bẹ̀rẹ̀ níbi tí agbára ẹni mọ, á lé díẹ̀ sí i lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọjọ́ kan á sì wà láàárín tí ẹsẹ̀ yóò fi sinmi. Ọ̀kan ń jẹ ènìyàn, èkejì ń kọ́ ọ.

Àwọn mìíràn ní àwọn máa ń rìn. Kí wọ́n má dáwọ́ ìrìn dúró, ọkàn nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí pé ìrìn nìkan ń dènà ìṣubú kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìṣubú sì ni ọ̀tá àgbà. Nínú ìwádìí Ìbàdàn lórí ọjọ́ ogbó, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje darí ní 2003 sí 2004 láàárín ènìyàn 2,152 tó ti pé ọdún 65, ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí a ti ń sọ Yorùbá, Kogí tiwa yìí sì wà nínú wọn, nǹkan bí ènìyàn 23 nínú 100 ló ní àwọn ṣubú láàárín ọdún kan. Nígbà tí Catherine Sherrington àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àyẹ̀wò 108 jọ ní 2019, láti orílẹ̀-èdè 25, wọ́n rí i pé ìdárayá ń dín iye ìṣubú kù ní ìdá 23 nínú 100, ó sì ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ bí a bá pa ìdúróṣinṣin ara pọ̀ mọ́ ẹrù gbígbé. Ní Lókọ́jà, a ní ìdí tiwa láti fẹ́ ẹsẹ̀ tó le. Omíyalé dé ní 2012, ó tún dé ní 2022. Ẹni tó bá lè dìde, tó lè gun òkè fúnra rẹ̀, kò ní dúró de ẹni tí yóò gbé e.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́, eegun tó ti fúyẹ́ ńkọ́? Ẹ̀rù tó yẹ kó bani ni, kì í ṣe ohun tí a ń fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tí kò tíì sí ìkáwọ́, kó kọ́kọ́ rí dókítà. Kí ẹnikẹ́ni má sé èémí mọ́nú bó ti ń gbé nǹkan, torí ìyẹn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ sókè. Kí àyà dídùn tàbí òòyì sì jẹ́ àmì láti dúró. Ní ti eegun, àwọn onímọ̀ ní Ọsirélíà dán an wò, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2018: obìnrin 101 tí nǹkan oṣù wọn ti dá, tí eegun wọn ti fúyẹ́. Ìdajì wákàtí, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, fún oṣù mẹ́jọ, ni apá kan wọn fi gbé irin tó wúwo gan-an lójú olùkọ́. Eegun ẹ̀yìn wọn le sí i ní ìdá 2.9 nínú 100. Ti àwọn tó ń ṣe ìdárayá fẹ́ẹ́rẹ́ nílé dín kù ní ìdá 1.2. Ẹ̀yìn dun ẹnì kan díẹ̀, ohun búburú tó ṣẹlẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo tẹnu mọ́ olùkọ́ yẹn. Láì sí olùkọ́, kò yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ níbi irin.

Ó ku àtakò kan, òun ló sì sún mọ́ ọkàn wa jù. Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ọmọ tó rí ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù tí kò sáré gbà á, a ó ní kò lẹ́kọ̀ọ́. Mi ò wá tako òwe yìí. Òkété ń mu ọmú nítorí pé kò lè wá oúnjẹ mọ́; òwe kò ní kí ọmọ so ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ tó ṣì ń rìn. Ẹ wò ó bí àṣà wa ṣe rí: ọmọdé ló ń kúnlẹ̀, ọmọdé ló ń dọ̀bálẹ̀, tó tún ń dìde, àgbà ń jókòó gba ìkíni. Mùsùlùmí tó ń kírun ní rákà 17 lójúmọ́, ẹ̀ẹ̀mejì nínú rákà kọ̀ọ̀kan ni iwájú orí ń kan ilẹ̀, ẹsẹ̀ á sì tún gbé ara dìde. Ọjọ́ tí orúnkún bá ní kó wá máa kírun lórí àga, òfin gbà á láyè. Ṣùgbọ́n bí orúnkún náà bá ṣe é wò, ó yẹ ká wò ó, ká má kàn ra àga. Ọmọ tó fẹ́ràn ìyá rẹ̀ lè fi èyí tó wúwo jù sílẹ̀ fún ara rẹ̀, kó jẹ́ kí ìyá gbé èyí tó kù.

Àpótí tí ẹ jókòó lé yìí tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn oníṣègùn ní òṣùwọ̀n kan: kí ènìyàn pa ọwọ́ mọ́ àyà, kó dìde, kó jókòó, fún ìṣẹ́jú àáyá 30, lórí àga. Obìnrin ọdún 65 sí 69 tí kò bá lè ṣe é ní ìgbà 11, tàbí ọkùnrin irú ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀ tí kò bá lè ṣe é ní ìgbà 12, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń fà sẹ́yìn. Àpótí kéré ju àga lọ, ó sì ṣòro jù ú lọ. Nítorí náà kí a bẹ̀rẹ̀ lórí àga, ìgbà márùn-ún, ká sinmi, ìgbà márùn-ún. Bó bá ti rọrùn, kó di mẹ́jọ. Lẹ́yìn náà ká lọ sórí àpótí. Lẹ́yìn náà ká gbá mùdù tí ìrẹsì kún inú rẹ̀ mọ́ àyà, ká sì dìde. Kó jẹ́ òwúrọ̀ kùtù, torí a mọ oòrùn Lókọ́jà. Ẹ̀ẹ̀mejì sí mẹ́ta lọ́sẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ ìsinmi láàárín. Bí ààwẹ̀ bá wọlé, ká ṣe é lẹ́yìn ìṣínu, kó má dúró. Nínú àwọn arúgbó Boston yẹn, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré tí wọ́n fi dáwọ́ dúró, ìdá 32 nínú 100 agbára wọn ti lọ. Ọmọ-ọmọ tó wà nítòsí, kó máa ka iye rẹ̀ sókè, kó na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìyá àgbà láì fọwọ́ kàn wọ́n, bí wọ́n ṣe ń dìde.